Ikọ́ Onísílébù Méjì

"Kò sí ohun tó lè fara pamọ́ fún ojú mi," ni Káfíńtà wí, ó sì fi ìka kan pákó tó wà níwájú rẹ̀. "Igi tí kòkòrò bá ń jẹ nínú, láti ìta ni mo ti máa ń mọ̀. Ṣé èèyàn ló wá kù tí yóò tàn mí? Èèyàn tí kò nípọn tó pákó?"

Oníbàárà tó ń bá sọ̀rọ̀ kò bèèrè. Àga rẹ̀ tó ní kó bá òun tún ṣe ni obìnrin náà wá gbà. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà, ìwàásù ni èènì: bí o bá ra nǹkan, wàá gbà á, bí o kò bá sì ra nǹkan kan, wàá gbà á pẹ̀lú. Ti ọjọ́ náà dá lórí Oúnjẹ Olúwa. Káfíńtà ní bí Pásítọ̀ bá ti gbàdúrà sórí búrẹ́dì, iṣẹ́ búrẹ́dì ti parí nìyẹn, ara Olúwa ló kù nínú àwo. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́. Kì í ṣe pé ó dúró fún un. Ó jẹ́ ara Olúwa gan-an ni. Ó ní òun máa ń rí i kedere, bí òun ṣe ń rí ohun tó wà nínú igi.

Ẹ má rò pé ẹnu lásán ni. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rúnrún kan já bọ́ nílé ìjọsìn, Káfíńtà dá ìsìn dúró, ó ní kí gbogbo ìlà ìjókòó ẹ̀yìn dojú bolẹ̀ kí wọ́n wá a rí. Ìyá àgbà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìbàdí rẹ̀ kò sì tíì dárí ji Káfíńtà títí di òní. Ọkùnrin kan náà yìí ni, bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé búrẹ́dì tó jóná díẹ̀ síwájú rẹ̀ láàárọ̀, ojú fèrèsé ló ń gbà jù ú síta. Ó ń bá búrẹ́dì ọjọ́ Ìsinmi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀. Ó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń lé ajá kúrò nídìí ẹran. Bí Olúwa bá fẹ́ kí Káfíńtà bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé náà, àfi kí ó sọ onítọ̀hún di búrẹ́dì.

Ẹni tó ń fi gbogbo ìwàásù yìí bú ni Tísà. Tísà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnu rẹ̀. Ó ṣì ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ bíi pé wọ́n pẹ́ dé ilé ìwé. Lójú tirẹ̀, búrẹ́dì ni búrẹ́dì, ó kàn dúró fún ara Olúwa ni, bí fọ́tò ara ògiri ṣe dúró fún ẹni tí wọ́n yà. Ìrántí ni, ó parí. Bí ìsìn bá sì ti tú, Tísà a máa kó èyí tó kù nínú àwo lọ sílé, a fi mu tíì. Ọkùnrin ìrántí yìí kì í sì í rántí nǹkan kan. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní kékeré, ó gbàgbé rẹ̀ sí ibùdókọ̀, ó délé, ó jẹun, ó sùn. Nígbà tí aládùúgbò kan mú ọmọ náà wá, Tísà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ púpọ̀, ó ní kó bá òun kí àwọn òbí ọmọ náà.

Ọmọ yẹn ti dàgbà, iṣẹ́ iná ló ń ṣe, Oníná ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹni tó sì fẹ́ gbé níyàwó ni Nọ́ọ̀sì, ọmọ Káfíńtà. Ẹ ti rí ibi tí wàhálà fìdí kalẹ̀ sí.

Ìjọ kan náà ni àwọn bàbá méjèèjì ń lọ, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀. Títì tuntun ló gba àárín ilé ìjọsìn àwọn Tísà kọjá, ni wọ́n bá kó ara wọn wá bá àwọn Káfíńtà. Wọ́n so ìjọ méjì pọ̀ bí ẹni fi ìṣó kan pákó tútù mọ́ pákó gbígbẹ. Àwọn ti Káfíńtà ń jẹ Oúnjẹ Olúwa láàárọ̀, àwọn ti Tísà ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, kò sẹ́ni tó rí ẹnu ẹnì kejì. Pásítọ̀ tí wọ́n fi ṣe olórí gbogbo wọn, Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni ni àdúgbò sọ ọ́. Bí Káfíńtà bá ní ara Olúwa ni, a ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí Tísà bá ní ó dúró fún un ni, a ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí wèrè bá já wọlé tó ní ọṣẹ ni, Pásítọ̀ á ní bẹ́ẹ̀ náà ni, ṣebí ọkàn ló ń fọ̀.

Ṣùgbọ́n ìjọ náà ní òfin méjì tí Pásítọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà ni sí kọjá. Òfin kan ni pé kí wọ́n tó so ọkọ àti ìyàwó pọ̀, bàbá méjèèjì gbọ́dọ̀ jáde síwájú tábìlì Olúwa, kí wọ́n gba búrẹ́dì nínú àwo kan ṣoṣo, kí wọ́n sì ṣe Àmín sí ọ̀rọ̀ tí Pásítọ̀ bá sọ lé e lórí. Bí Àmín kan bá dín, ìgbéyàwó ti tú nìyẹn. Òfin kejì ni pé wọn kì í so ìyàwó tó bá ti lóyún pọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀ níwájú tábìlì. Yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti korobá sí ni wọ́n ń mú un lọ, láìsí orin, láìsí ìjókòó.

Nọ́ọ̀sì mọ òfin méjèèjì. Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ mọ̀ ọ́n jù ú lọ, nítorí òun ló ń rán aṣọ ìgbéyàwó. Ó ti tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan kó lè fẹ̀ sí i. Ó tún tú u lẹ́ẹ̀kejì. Bí Káfíńtà bá bèèrè, ìyá a ní iṣẹ́ alẹ́ nílé ìwòsàn ni, ó máa ń jẹ́ kí ọmọbìnrin jẹun jù. Káfíńtà tó ń rí kòkòrò nínú igi a wo ọmọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, a ní kó dín búrẹ́dì kù. Aṣọ kò sì ní ibi tó ṣeé tú mọ́. Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn tí wọ́n dá ìgbéyàwó sí ni Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ dúró níwájú tábìlì. Bí wọ́n bá sún ọjọ́ ìgbéyàwó síwájú báyìí, yàrá ìgbálẹ̀ ló ń lọ, lójú gbogbo àdúgbò tí bàbá rẹ̀ ti ń fi ìwà rẹ̀ yangàn fún láti ìgbà tó ti ń gbé báàgì lọ sí ilé ìwé.

Pálọ̀ Káfíńtà ni wọ́n ti ṣe ìpàdé ẹbí. Àga tí oníbàárà bá kọ̀ ni Káfíńtà ń gbé wálé, nítorí náà kò sí àga tó dúró déédéé níbẹ̀. Orí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ni Tísà jókòó sí, ó ń jì sọ́tùn-ún, ó ń jì sósì, bó ṣe ń ṣàlàyé pé òun kò ní ṣe Àmín sí "èyí jẹ́ ara Olúwa" láéláé. Káfíńtà ní kí ọmọ òun má lọ́kọ, ó sàn ju kí òun ṣe Àmín sí "èyí dúró fún ara Olúwa." Ó ní kí ló ń jẹ́ dúró fún? Ṣé ọkọ̀ ni búrẹ́dì ń dúró fún ni? Tísà ní ó dun òun pé àna òun kò mọ gírámà. Káfíńtà ní gírámà kò gba ọkàn ẹnikẹ́ni là rí. Nọ́ọ̀sì gbé omi wọlé, ó fi tírè bo iwájú ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò ó. Oníná nìkan ló wò ó, ó sì la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ni bàbá rẹ̀ bá ní kó dákẹ́, àwọn tó mọ nǹkan ló ń sọ̀rọ̀.

Pásítọ̀ tí wọ́n pè wá làjà níbẹ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀ náà ni títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ẹnu gbígbẹ náà ló bí ọgbọ́n. Bó ṣe fẹ́ tún gbólóhùn náà sọ, ikọ́ gbé e. Ó ní, "Èyí," ó wúkọ́, ó ní, "ara Olúwa." Pásítọ̀ gbójú sókè, ó rí i pé kò sẹ́ni tó bínú, ló bá tún un ṣe. Bó ṣe di àdéhùn nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí ọ̀rọ̀ ìjà yẹn bá ti yẹ kó wà, Pásítọ̀ yóò wúkọ́. Káfíńtà á gbọ́ "jẹ́" nínú rẹ̀, Tísà á gbọ́ "dúró fún," Ọlọ́run á gbọ́ ikọ́.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò níṣẹ́ a máa wá a. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánrawò nílé ìjọsìn lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Pásítọ̀ wú ikọ́ rẹ̀, Káfíńtà sì gbé ọwọ́ sókè.

"Pásítọ̀, ikọ́ yín gùn jù."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, bàbá."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dún. Jẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ni. Dú-ró-fún lẹ wú yẹn. Ẹ má fi ikọ́ rẹ́ mi jẹ."

Pásítọ̀ tọrọ àforíjì, ó wú òmíràn, kúkúrú báyìí. Tísà ló gbé ọwọ́ sókè lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ikọ́ onísílébù kan ni, àmì òkè sì wà lórí rẹ̀ gbangba. "Jẹ́" ni, ẹni tó bá ní etí mọ̀ ọ́n. Pásítọ̀ rẹ ohùn ikọ́ náà sílẹ̀ díẹ̀. Tísà ní ìyẹn ló tún burú jù, àmì òkè ti kúrò lórí rẹ̀, ó ti di "jẹ." Ó ní ṣé Pásítọ̀ fẹ́ ní kí wọ́n jẹ èèyàn níwájú ìjọ ni? Àwọn àgbàlagbà tó ní ìyàwó nílé ló dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń fi àmì sórí ikọ́. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ikọ́ onísílébù méjì, èyí tí kì í ṣe "jẹ́," tí kì í ṣe "dúró fún," tí kì í ṣe ohunkóhun lábẹ́ ọ̀run. Tísà fi pẹ́ńsù lu ẹ̀yìn ìjókòó, ó ń kọ́ Pásítọ̀ bí yóò ṣe máa wú u. Nígbà tí Pásítọ̀ ń lọ sílé, ohùn rẹ̀ ti há bíi ti àkùkọ tó ti ń kọ láti àná. Nọ́ọ̀sì jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n kò mí tán, nítorí aṣọ.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́. Ilé ìjọsìn kún, àwọn ará àárọ̀ lápá kan, àwọn ará ọ̀sán lápá kejì. Oníná fúnra rẹ̀ ló so ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí ẹni tó bá wà ní títì náà lè gbọ́. Aṣọ Nọ́ọ̀sì funfun báláú, ìyá rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Àwọn bàbá méjèèjì jáde síwájú tábìlì. Pásítọ̀ kọ́kọ́ jẹ búrẹ́dì tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Búrẹ́dì náà gbẹ. Ó gbé àwo, ó kọjú sí wọn, ó ní, "Èyí," ó fa èémí kó lè wú ikọ́ àdéhùn, ni búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ bá gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ikọ́ tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ti ìdánrawò. Ó wú méjì, ó kọjá méjì, ó di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kà mọ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ń gbé e dé ìta. Tísà na ìka sókè, ó ń fi ṣírò sílébù. Káfíńtà bojú jẹ́, ó ní ṣé òun kò sọ, "dúró fún" ni, ó tún ti fi ẹ̀ka sí i. Ojú Pásítọ̀ ti ń yọ síta. Ìyá Nọ́ọ̀sì ní kí ẹnì kan gbá a lẹ́yìn. Káfíńtà na ọwọ́ méjèèjì, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, ara Olúwa ló wà lọ́fun rẹ̀, ṣé wọ́n fẹ́ gbá Olúwa jáde ni? Tísà ní búrẹ́dì lásán ni, kí wọ́n gbá a. Ṣùgbọ́n òun alára kò kúrò lójú kan, kí kóòtù rẹ̀ má baà rún.

Nọ́ọ̀sì ju òdòdó ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn Pásítọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra níbi ikùn, ó sì fà á sókè pẹ̀lú agbára, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, nǹkan méjì ló kúrò nípò wọn: búrẹ́dì kúrò lọ́fun Pásítọ̀, ojú rírán aṣọ ìgbéyàwó sì là láti abíyá dé ìdí. Fàà ló dún. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò fi ìyẹn náà pamọ́.

Táì Tísà ni búrẹ́dì náà bà sí. Káfíńtà, tó ti ń bú ọkùnrin yìí fún gbogbo ẹni tó bá wá ra àga, wó lulẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú rẹ̀, ó di táì náà mú ṣinṣin.

"Àna mi, mo bẹ̀ yín," ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ẹ má mira. Ẹ má tilẹ̀ mí."

Àwọn akọrin tó wà lókè kò rí búrẹ́dì. Ohun tí wọ́n rí ni pé bàbá ìyàwó kúnlẹ̀ fún bàbá ọkọ, ni wọ́n bá kígbe orin ìlàjà. Tísà fẹ́ fi ìka ta nǹkan náà dànù, Káfíńtà tún fa táì, ọrùn Tísà há, ó ń fi ohùn tín-ín-rín sọ pé itọ́ Pásítọ̀ ni, kí ẹnì kan bá òun mú ọkùnrin yìí. Àwọn obìnrin kan ti ń nu ojú fún ayọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni orin ń kú díẹ̀díẹ̀, láti iwájú lọ sẹ́yìn, nítorí àwọn tó wà níwájú ló kọ́kọ́ rí i. Aṣọ ti ṣí. Ohun tí aṣọ náà ti ń bò mọ́ra láti ọjọ́ yìí yọ síta nínú yẹ̀rì, ó rí rogodo, kò jọ pé ó ń tijú ẹnikẹ́ni. Káfíńtà ṣì wà lórí eékún, nítorí náà nígbà tó yí orí, ojú rẹ̀ àti ikùn ọmọ rẹ̀ ṣe déédéé. Ó wò ó. Ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Oúnjẹ ni," ó ní. "Iṣẹ́ alẹ́ ni."

Ọkùnrin tó ń rí Olúwa nínú ẹ̀rúnrún kò rí ọmọ nínú ikùn. Tísà ńkọ́, ẹni tí kò gbà pé ohunkóhun wà nínú ohunkóhun? Òun ló na ọwọ́, ó ní ọmọ ọmọ òun nìyẹn, ẹran ara òun àti ẹ̀jẹ̀ òun, òun ń rí i kedere, ó tilẹ̀ jọ òun níwájú orí. Káfíńtà ní kí ó fi ẹ̀rí hàn. Tísà ní kí Káfíńtà ní ìgbàgbọ́. Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ kan di aṣọ mú. "Ẹ̀yin bàbá mi méjèèjì," ó ní, "èyí tó wà nínú mi yìí, ṣé ó jẹ́ ọmọ ni, àbí ó dúró fún ọmọ? Ẹ tètè dá mi lóhùn, nítorí ó ń ta mí nípàá."

Pásítọ̀ ló sọ̀rọ̀. Ọ̀fun tí ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a gbà lọ́wọ́ ikú ló fi sọ ọ́, ó ní òfin ni òfin, yàrá ìgbálẹ̀ ni. Ìyá Nọ́ọ̀sì bi í pé ṣé kò rí i pé ìkà nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí tábìlì, sí aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ lé e, ó sì pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára rẹ̀. Omi dé ojú rẹ̀, kò jẹ́ kó bọ́. Oníná tí kò tíì sọ gbólóhùn kan láti àárọ̀ lọ pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó mú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn lọ. Wọ́n gbọ́ bí ìgbálẹ̀ àti korobá ṣe ń fò síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ gílóòbù tó ti jóná níbẹ̀, ó fi tuntun sí i, ó padà wá mú ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Mo ti tanná síbẹ̀. Máa bọ̀."

Ẹni mẹ́rin péré ni yàrá náà gbà: ọkọ, ìyàwó, Pásítọ̀, àti ìyá tó fi ẹnu gbá abẹ́rẹ́ mú, tó ń rán ẹ̀gbẹ́ aṣọ pọ̀ bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀jẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí tábìlì, kò sí búrẹ́dì. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí búrẹ́dì, kò sí Àmín bàbá kankan tí ẹnikẹ́ni ń wá. Ká ní Nọ́ọ̀sì ti wọ yàrá yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ọ̀fun Pásítọ̀ ìbá sinmi.

Ẹ̀yin á rò pé ìtìjú á mú àwọn bàbá náà lọ sílé. Ẹnu ọ̀nà yàrá náà ni wọ́n dúró sí, láàárín korobá, wọ́n dí i pa. Káfíńtà ní ìgbéyàwó láìsí tábìlì, ó kàn dúró fún ìgbéyàwó ni, ìrántí ìgbéyàwó ni, kì í ṣe òun gan-an. Tísà ní irọ́ ni, ó jẹ́ ìgbéyàwó pátápátá, bí Pásítọ̀ bá ti sọ ọ̀rọ̀ lé e lórí, ó ti yí padà nìyẹn, ẹni tí kò bá rí i, ojú ẹ̀mí rẹ̀ ló fọ́. Kò sí èyí tó gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Àwọn ará àárọ̀ tò sẹ́yìn Káfíńtà, àwọn ará ọ̀sán tò sẹ́yìn Tísà, wọ́n ń ṣe hẹn-ẹn sí ohun tí wọ́n ti ń bú láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn.

Ilẹ̀kùn ṣí. Nọ́ọ̀sì ló yọjú, òrùka ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ibi tí yóò gbà. Káfíńtà di apá rẹ̀ kan mú, Tísà di ìkejì mú, wọ́n ní kó sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ, ṣé ó ti lọ́kọ ni, àbí kò tíì lọ́kọ. Gbogbo ènìyàn na etí.

"Ẹ yà lọ́nà," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."